Òkun Tí Wọ́n Ń Tì Bí Ìsọ̀

"Ṣé wọ́n lé yín jáde nílé ni?"

Ohun tí màámi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé inú àgọ́ la sùn mọ́jú. Mo ní rárá o, ìgbafẹ́ la wá ṣe. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìgbafẹ́, nínú òtútù?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sétí òkun lọ́dún 1947. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màámi ti kẹ́rù sẹ́yìn fún òkun yẹn lójú mi. Báwo ni yóò ṣe yé wọn pé ọmọ tó ń san owó ilé ní Torino, nílẹ̀ Ítálì, lóṣooṣù gbé àgọ́ sẹ́yìn mọ́tò, ó wa bíi wákàtí mẹ́ta, ó lọ sùn sórí ilẹ̀ ní Levanto, létí òkun Liguria, ní ìparí oṣù kẹwàá?

Ọkọ mi ló dá a lábàá. Ó ní ká máà lọ ní oṣù kẹjọ, pé èrò máa ń kún abúlé márààrún tí wọ́n ń pè ní Cinque Terre débi pé ẹsẹ̀ kì í gba ẹsẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ ibi ìpàgọ́ ti ti ilẹ̀kùn wọn nígbà tá a dé. Èyí tá a rí, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní ká lọ mú ibi tó bá wù wá. Kọ́ìnì kan ló fún mi fún omi gbígbóná. Kò sọ fún mi pé ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Ọṣẹ ṣì wà lójú mi nígbà tí omi di yìnyín. Omi inú korobá kì í ṣe irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀, ojú rẹ ló ṣe ń dínkù.

Láti Levanto, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni rélùwéè fi ń gbé èèyàn dé Monterosso, ọ̀kan lára abúlé márààrún yẹn, inú ihò òkè ló sì ń gbà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá kan nínú ìsọ̀ tó ń to ẹja kéékèèké, irú bíi ọmọ sáwá, sínú ìgò. Ó já orí wọn dànù, ó tò wọ́n yíká, ó bu iyọ̀ lé e, ó tún to ẹja. Nígbà tó kún, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ lé e lórí kó lè tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bí àwa ṣe ń ṣe tiwa. Mo ní iná igi la fi ń yan án. Ó ní igi wo? Ọ̀rọ̀ Ítálì tán lẹ́nu mi. Mo ní igi tó ń hù nínú omi. Ó wò mí bí ẹni tó ń parọ́.

Tó o bá wọ ìsọ̀ wọn láì kí wọn, wọn á dá ọ lóhùn bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó, gẹ́gẹ́ bíi tiwa gan-an. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán, wọ́n á tì í, wọ́n á lọ jẹun, ó di nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀. Ìyá tó ń ta edé n'Ígbókòdá kò lè gbọ́ irú ìyẹn sétí. Ìdí ọjà ló ti ń jẹun, ọwọ́ òsì á máa lé eṣinṣin.

Ní Vernazza, òmíràn lára abúlé márààrún náà, òjò ńlá ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2011 gbé ẹrẹ̀ àti òkúta sọ̀kalẹ̀ látorí òkè, ó bo ìsàlẹ̀ ilé, ẹ̀mí sì lọ sí i. Lónìí, wọ́n ti tún un ṣe débi pé tí wọn ò bá sọ fún ọ, o ò ní mọ̀. Ìyẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Àtìgbà tí mo ti wà níléèwé la ti ń gbọ́ pé wọ́n máa mọ odi dí òkun Ayétòrò. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni òru. Ní Ayétòrò, òkun kì í ní ìsinmi. Bí wọn ò bá ń lọ sódò, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, àtùpà wà níbi gbogbo. Ní Vernazza, mo dúró sójú títì kan, mo ka fèrèsé: mọ́kàndínlógún, iná wà nínú mẹ́ta. Àwọn tó ni ìyókù wà nílùú ńlá, ó di ìgbà ooru.

Mo pe màámi, mo sọ fún wọn.

"Mẹ́rìndínlógún ló ṣófo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bá mi bi wọ́n, èló ni wọ́n ń gbà lóṣù?"