Geiranger Pọ́n-ùn Mẹ́jọ, Akàn Pọ́n-ùn Àádọ́fà

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà lókè ọkọ̀ ojú omi fàájì, ẹ̀wù òtútù méjì-méjì lọ́rùn, ife tíì lọ́wọ́, à ń retí Geiranger ní Nọ́wè. Torí Geiranger yìí gan-an la ṣe san owó. Ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá dún, tí ọ̀gá ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi dókítà tó mú èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò lè ṣi irú ohùn yẹn gbọ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ jẹun. A ò ní débẹ̀ mọ́."

A ò sì débẹ̀. Atẹ́gùn ni wọ́n ní ó le jù. Àárín omi lọkọ̀ wa ì bá dúró sí lọ́jọ́ yẹn, kí ọkọ̀ kékeré máa wá kó wa lọ sí èbúté díẹ̀díẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ń ṣí fìlà lórí èèyàn, ta ló fẹ́ mú bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń tẹ̀pá fò sínú ọkọ̀ tó ń mì? Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èyí tó dùn mí ni pé nígbà tó dọ̀sán, wọ́n fi £8 sínú àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, wọ́n ní owó èbúté tí a ò lò nìyẹn. Geiranger tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005! Ibi tí òkun ti wọ́ wọ àárín òkè lọ bí ejò, tí omi méje ń já ṣòòrò láti orí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, táwọn ará Nọ́wè ń pè wọ́n ní Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò Méje. Pọ́n-ùn mẹ́jọ. Mo fi temi ra kọfí kan, ó ku díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dá mi lóhùn títí di ọ̀sán, àfi bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ atẹ́gùn náà lẹ́nu.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni tójú ẹ̀ ò rí ọkọ̀ fàájì rí ló ń ṣàròyé, ìgbà kẹsàn-án mi rèé. Láti 2011 ni mo ti ń wọ̀ ọ́, èbúté Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la sì sábà máa ń gbà lọ, torí mi ò fẹ́ràn bàálù, mo sì fẹ́ràn kí n tú ẹrù mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ máa sùn sí ìlú kan, ẹ máa jí sí òmíràn, bùbá yín ò sì kúrò lórí ìkọ́ tẹ́ ẹ fi kọ́. Ẹni tó bá ti gbé báàgì gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan á mọ ohun tí mò ń wí.

Ní 2011 yẹn, a ti sùn mọ́jú sójú òkun kí ẹnikẹ́ni tó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Oṣù kìíní 2012 ni ọkọ̀ fàájì Costa Concordia forí sọ àpáta ní erékùṣù Giglio ní Ítálì. Ẹni 32 ló kú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ náà ní èbúté Civitavecchia lọ́jọ́ yẹn ò tíì ṣe ìdánrawò kankan. Látìgbà náà, kí ọkọ̀ tó ṣí, tàbí bó bá ṣe ń ṣí gẹ́lẹ́, kálukú á ti mọ ibi tó máa sá lọ. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kùn pé bíà òun ń gbóná. Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ọ̀rọ̀ yàrá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ló bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí i pé ó fi £140 dín tí a bá gbà kí àwọn ọlọ́kọ̀ bá wa yan yàrá fúnra wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ yàn án lóòótọ́. Abẹ́ ilé oúnjẹ ni wọ́n fi wá sí. Láti aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń wọ́ àga lórí wa, krrr, krrr, bí ẹni ń lọ àgbàdo gbígbẹ lórí ọlọ. Ẹ gbọ́ tèmi: kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo àwòrán ọkọ̀ náà dáadáa, kẹ́ ẹ rí i pé yàrá mìíràn ló wà lókè yín, yàrá mìíràn ló wà nísàlẹ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí omi ń bì, ẹ wá àárín ọkọ̀, ẹ má sì lọ jìnnà sókè, torí ìmìtìtì ibẹ̀ kì í pọ̀ tó ti iwájú tàbí ẹ̀yìn. Èmi mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n fi dín owó kù?

Owó mìíràn tún ń bẹ tí wọn kì í kọ gàdàgbà. Nínú ọkọ̀ tiwa, bí ẹnì kan bá fẹ́ san owó ọtí mímu-àmuyó, dandan ni kí ẹnì kejì tí wọ́n jọ wà nínú yàrá náà san tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í mu kọjá mọ́ọ̀tì! Nítorí náà, èmi náà mu tíì fún ọjọ́ méje. Wi-Fi lówó lọ́tọ̀. Fọ́tò tí wọ́n ń yà wá ní tipátipá lẹ́nu ọ̀nà lówó lọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé láti pa dátà fóònù yín kẹ́ ẹ tó jìnnà sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ á gbé e, ẹ ó fẹnu họra nígbà tí bílì bá dé. Mo jẹ irú ẹ̀ rí. Àmọ́ owó tíìpù tí wọ́n ń yọ lójoojúmọ́ fáwọn òṣìṣẹ́, mi ò kì í ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ọmọkùnrin tó ń tún yàrá wa ṣe, ará Philippines, ó ní oṣù keje òun nínú ọkọ̀ nìyẹn láì délé.

Ẹ̀yin tó jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, tẹ́ ẹ kàn ní ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Nọ́wè kò sí nínú EU, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè tí físà kan ṣoṣo ń gbani wọ gbogbo wọn. Ẹ máa nílò físà, kódà bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe dá ọ̀rẹ́ wa kan padà ní Southampton nígbà kan, tòun ti fìlà etíkun tuntun lórí.

Oúnjẹ ò burú, kò kàn ní ẹ̀mí ni. Mo gbé ata gígún mi lọ nínú ìgò kékeré, bí mo ṣe máa ń ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ Íńdíà tó ń gbé oúnjẹ fún wa rí mi níbi tí mo ti ń wọ́n ọn sórí adìyẹ ní kọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ kíṣìnnì lọ, ó gbé àwo ata tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ síwájú mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jẹ èyí, ó ní. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e wá lẹ́yìn ìyẹn láì jẹ́ pé mo bi í.

Ìlú Stavanger tí ọkọ̀ yà, mo máa fò ó. Ilé onípákó funfun, òdòdó, ó mọ́ tónítóní, a yà fọ́tò.

Ìlú Bergen wá ni ọ̀rọ̀ wà. Bergen tí òjò ń rọ̀ ju igba ọjọ́ lọ lọ́dún, ọ̀kan nínú igba náà la sì bá pàdé. A wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè Fløyen, tí wọ́n ti ń lò láti 1918, a gòkè dé ìwọ̀n mítà 320, a sanwó láti wo kùrukùru. Ẹ̀gbọ́n mi ní ebi ń pa àwọn. Ìyẹn ló gbé wa dé ọjà ẹja etí omi.

Akàn ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe akàn tí a mọ̀. Ẹsẹ̀ kan gùn tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbúnwọ́, pupa fòò, ẹ̀gún lára. Lókè rẹ̀ ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ 199 sára pátákó dúdú. Mo ṣírò ẹ̀ lọ́kàn mi: kroner, owó Nọ́wè, bíi mẹ́tàlá àtààbọ̀ sí pọ́n-ùn kan, ó ń lọ sí £15. Fún akàn tó tóbi báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí ẹsẹ̀ ńlá méjì, ọmọ náà gbé e sórí ìwọ̀n, ó gé e pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, ó yan án, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ó gbé e wá fún wa lábẹ́ agboòrùn. Ó dùn o, mi ò ní purọ́. Ẹran rẹ̀ dùn bí ẹni fi ṣúgà díẹ̀ sí i. A jẹ ẹ́ tán, a lá ìka. Ó wá na ẹ̀rọ káàdì sí mi: 1,492.

Mo ní kò yé mi. Ó na ìka sí pátákó. Lábẹ́ 199 yẹn, àmì kékeré kan wà bí ẹsẹ̀ èèrà: gíráàmù 100. Gíráàmù 750 la jẹ. Bíi £110! Mo bi í pé nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, kí ló dé tí kò sọ iye tó máa jẹ́? Ó gbé èjìká sókè. Ẹ wò ó, ìyá aláta tí mo ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù á ti sọ iye, á ti búra lé e, á ti ní kí n mú owó wá kí òun tó dì í. Èyí tí kì í sọ nǹkan yìí ló burú jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ káàdì wọn, wọ́n sanwó, wọ́n ní, "Àbúrò, jẹ́ ká máa lọ. A ti jẹ ẹ́ ná."

Ìbínú yẹn la gbé wọ Bryggen, àwọn ilé onípákó àtijọ́ tó wà létí omi níbẹ̀. Mo ti kọjá níwájú wọn nígbà méjì tí mo kọ́kọ́ wá sí Bergen, mo kàn ń ra máágínẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì ni. Lọ́tẹ̀ yìí, òjò lé wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó wà láàárín wọn, pákó lápá ọ̀tún, pákó lápá òsì, ilé wọ́ díẹ̀ síbí, ó wọ́ díẹ̀ sọ́hùn-ún. Iná jó o ní 1702, wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Jámánì ló ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí 1360, wọn ò sì gbọdọ̀ dá iná níbẹ̀ rárá nígbà òtútù, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ tí wọ́n ti ń yáná. Kí ni wọ́n ń fara da gbogbo ìyà yìí fún? Ẹja gbígbẹ. Wọ́n yà á sára àmì ẹgbẹ́ wọn: ìdajì ẹyẹ idì lápá kan, lápá kejì ẹja, wọ́n sì dé ẹja náà ládé.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹja aládé yẹn pẹ́. "Èyí kì í ṣe pańla bí?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹja yẹn náà ni. Lófótẹ̀n lápá àríwá Nọ́wè ni wọ́n ti ń so ó kọ́ sórí igi láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, kò sí iyọ̀, kò sí iná, atẹ́gùn àti òtútù nìkan ló ń gbẹ ẹ́. Èyí tó dáa jù ń lọ sí Ítálì, orí ẹ̀ sì ń lọ sí Nàìjíríà. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní àwọn ò pè é ní pańla tán pátápátá, pé pańla tẹ́ẹ́rẹ́ ni, pé okporoko àwọn Ìgbò lèyí. Mo ní ìyá wa pe méjèèjì ní pańla. Wọ́n ní ìyá wa kì í lówó èyí tó tóbi. A jà á títí a fi dé ṣọ́ọ̀bù kan tí ó so gidi ẹ̀ rọ̀ mọ́ ògiri, le koko, bí igi ìdáná. Òórùn rẹ̀ kọlù wá lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òyìnbó tó wà níwájú wa dá ọwọ́ bo imú, àwa méjèèjì sì dúró, a fà á símú. Bí ilé wa ṣe ń rùn lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, nígbà tí màmá bá ti rẹ ẹ́ sómi láti òru.

Mo ra ọ̀kan. Mi ò sọ iye tó jẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó sọ iye rẹ̀, ó dúró kí n rò ó.

Lẹ́nu ọkọ̀, báàgì mi wọ ẹ̀rọ ayẹ̀ruwò, kò jáde. Ẹ̀ṣọ́ náà pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo nǹkan gígùn náà lójú ẹ̀rọ. "Màdáámù, igi ni?" Mo ní ẹja ni. Ó fi ìka kàn án, ó ró kò-kò-kò. Ó bò ó padà kíákíá, ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní tú u títí a ó fi dé Southampton. Mo ṣèlérí. Ọmọ tó ń tún yàrá ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì, ó pa á dé jẹ́jẹ́, ìgò amúlé-ta-sánsán méjì ni mo bá lórí tábìlì.

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti rẹ ẹ́ sínú báfù nílé, mò ń pààrọ̀ omi ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè lánàá, wọn ò kí mi dáadáa.

"Ṣé ó ti rọ̀?"

Mo ní, "Ó tì o, Àǹtí. Kò tíì rọ̀."