Ẹ Wo Ọdún Tí Wọ́n Kọ Ọ́ Kí Ẹ Tó Pè É Ní Irọ́

Ẹ̀yin tí bàbá yín fi àpótí ìwé sílẹ̀ fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú ìwé bàbá mi, ojú ewé wọn ti pupa rẹ́súrẹ́sú. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣí The War of the Worlds ti H. G. Wells. Àwọn ará Mars, pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn lójú ọ̀run, gbógun wá bá London. Mo ní irọ́ ni, ta ló ń gbé Mars? Bàbá mi fi pẹ́ńsù kọ "1892" sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé kan ní orí kìíní. N kò bi ara mi pé kí ló dé. Ilé wa kéré, àpótí náà sì gba àyè, mo bá kó gbogbo rẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́pà àdúgbò wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún bá ìwé yìí pàdé lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ní orí kìíní náà ni Wells ti sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tó dá àwọn ará Mars lẹ́bi, kí wọ́n rántí ohun tí wọ́n fi ojú àwọn ará Tasmania, erékùṣù kan ní ìhà Australia, rí: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run tán. 1898 ni ìwé náà jáde. Àyà mi já. 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta, pa àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi.

Mo sáré lọ.

"Màmá, àwọn ìwé ọjọ́sí dà?"

"Háà, ọmọ mi, mo ti fi wọ́n di ẹ̀pà tán."

Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó yọ èèpo ẹ̀yìn ìwé náà nìkan jáde, torí ó ti le jù fún ẹ̀pà. Mo dì í mú. Oníbàárà kan dé, ó ra ẹ̀pà, ojú mi kò kúrò lára pépà tí màmá fi dì í, bóyá ọwọ́ bàbá mi ni n óò rí níbẹ̀. Ìwé ìròyìn ni.

Mo ti ra ẹ̀dà mìíràn.

Ẹ wo ọdún tí ìwé kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà ọwọ́ yín. Ẹ bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, títí dé ìlú tiyín. Ẹ má ṣí ìwé àtijọ́ gbayawu, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ má sì tètè pe nǹkan ní irọ́: ní 1865 Jules Verne, òǹkọ̀wé ará Faransé, kọ ọ́ nínú ìtàn àròsọ pé Florida ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbéra lọ sí òṣùpá, Florida náà ni wọ́n sì ti gbéra lóòótọ́ ní 1969. Ọdún, ẹ ṣáà wo ọdún.

Bí ẹni tó ni ìwé bá ṣì wà láyé, ẹ gbé e lọ bá a lónìí, kí ẹ bi í pé kí ló dé tó fi kọ nǹkan síbẹ̀.