Kọ́tìnnì láti Ìtòkú

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àtàwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, nítorí aṣọ kọ́tìnnì pálọ̀. Ní Ìtòkú, ìyá aládìrẹ kan ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun. Ó ní ibi tí ẹ̀kọ yẹn bá bò, aró ò ní mú un. Àbíkẹ́yìn mi tẹjú mọ́ abọ́ ẹ̀kọ títí, ó ní, “Ìyá àgbà, ṣé ẹ máa jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù ni?” Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín!

Mo ra yáàdì márùn-ún. Bàbá wọn ní kí ló ṣe kọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló ń fi í nu ọwọ́ ẹ̀bà?