Ààbọ̀ Orin ní Nyanya, Odindi Orin ní Cologne

Òjò àárọ̀ kan ló mú mi mọ ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ní Àbújá. Inú ọkọ̀ tó ń ti Nyanya bọ̀ ní Berger ni a wà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti mú wa mọ́lẹ̀. Fèrèsé ọkọ̀ kò pa dé dáadáa, omi ń já lé wa léjìká, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn, ó ní, "Òjò ń rọ̀..." Ó dákẹ́. Ọkùnrin kan tó jókòó ti dírẹ́bà kò tiẹ̀ yíjú, ó ní, "Ṣeré nínú ilé." Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láàárín ju "má wọnú òjò" lé e, èmi náà sì ti ń sọ "kí aṣọ rẹ má bà á tutù" kí n tó mọ̀ pé mo la ẹnu.

Dírẹ́bà, ọmọ Hausa, bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Mene ne?" A ò rí bá a ṣe máa sọ ọ́ fún un. Orin jẹ́lé-ó-sinmi ni, kò sí ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé àgbàlagbà tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ fún pé kó ṣeré nínú ilé, àti pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọmọ ìyá ni wá nínú ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì láti ìdájí.

Ọkùnrin iwájú yẹn àti èmi jọ bọ́ sílẹ̀ ní Berger. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó jù mí lọ dáadáa, Bọ̀dá Ọ̀fà ni mo sì ń pè é títí dòní. Òun ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Utako, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà kí n tó wá sí Jámánì.

Mo ti lo ọdún márùn-ún ní Cologne báyìí. Bí àwọn ará ilé bá bi mí léèrè ohun tó yàtọ̀, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́: iná kì í lọ, omi ń yọ, ọjọ́ Àìkú dákẹ́ bí ẹni pé ìlú ti sùn, òtútù sì ń wọ eegun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò ní í fi ṣe ìtàn. Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn jù ni pé mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ààbọ̀ orin fún kó parí ẹ̀.

Àbújá kì í ṣe ilé baba wa. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba sì kó olú-ìlú dé ibẹ̀ láti Èkó, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fáìlì wọn lọ. Yorùbá tó wà níbẹ̀ ń sọ Hausa lọ́jà, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì, ó ń sọ Pidgin nínú ọkọ̀. O lè bá a jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan kí o má mọ̀ pé ọmọ ilé yín ni. "Ẹ káàárọ̀" kò tó ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ló lè fi oṣù kan kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì orin ọmọdé, ẹni tí wọ́n bá fi tọ́ dàgbà nìkan ló máa ń ní in lẹ́nu. (Mo ní láti yọ mai suya ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa sọ́tọ̀. Ó ti gbọ́ tiwa títí ó fi mọ ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta, ẹran tiwa sì máa ń pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn tó kù.)

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, orin ni a fi ń bá ara wa wí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sùn lórí ìdì bébà lọ́sàn-án, ọ̀gá kì í pariwo mọ́ ọn. Á kàn sọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ilẹ̀ wa..." Àwọn tó kù á gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹni kò ṣiṣẹ́..." Kí wọ́n tó dé ibi "á mà jalè," ọmọ náà ti dìde, ó ti ń nu ojú. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì wá bá wa ṣiṣẹ́, tí kò lè gbé káàtìnnì kan sókè, Bọ̀dá Ọ̀fà wò ó títí, ó ní, "Ìwé kíkọ́ láìsí ọkọ́ àti àdá..." Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé, "Kò ì pé o, ẹ̀gbọ́n, kò ì pé." Kò bínú. Báwo ló ṣe fẹ́ bínú? Orin tí òun náà kọ lórí ìlà ní àárọ̀ ni, orin ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Àwa tí a kì í kọjú sí àgbà kí a sọ pé "ẹ jẹ mí lówó," a nílò ẹni tó máa bá wa sọ ọ́.

Bàbá kan wà tó jẹ́ èèyàn ńlá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ní Kubwa. A tẹ káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó san díẹ̀, ó ku 15,000 náírà. Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́jọ́ kan ó wọlé dé pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun, ó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà. Ọ̀gá gbé àga fún un, ó fún un ní omi tútù, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Bọ̀dá Ọ̀fà wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà, ó kẹ̀yìn sí wa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Mo mọ ohun tó ń sú. Bàbá mi ti sọ fún wa nípa ìlù gángan tí rédíò Nàìjíríà máa ń lù nígbà tiwọn ní Ìbàdàn, àti bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i lẹ́nu. Àwọn kan ní ohun tó ń wí ni pé, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Àwọn mìíràn ní, "Kò sónígbèsè níbí, lọ sílé kejì." Bàbá náà sì ti gbé Ìbàdàn rí. Ó ń ṣàlàyé irú bébà tó fẹ́ lọ́wọ́, ló bá dánu dúró. Bọ̀dá Ọ̀fà tún un sú lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra fa ìparí rẹ̀ gùn. Ẹ̀rín gba bàbá náà lẹ́nu, fìlà rẹ̀ jábọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ó wà níbí o! Onígbèsè wà níbí, kó má lọ sílé kejì mọ́." Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìfé náà o. Ohùn lásán ni. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín tó wà nínú èdè wa ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: orin Yorùbá ní láti tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtumọ̀ á yí. Nítorí náà, bí o bá mú ọ̀rọ̀ kúrò, ohùn tó ṣẹ́ kù á ṣì máa sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣe lára gángan. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àwa tiẹ̀ ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ààbọ̀ náà.

Ìgbà mìíràn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó. Nípàdé ẹgbẹ́ ní Kubwa, wọ́n ń jà lórí ankara: èyí wọ́n jù, èyí kò níyì, èyí dúdú jù, èyí ń tàn jù. Ìyá alága fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo wọn tán, ó ní, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́." Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ọdún 1973 ni Ebenezer Obey kọ orin bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, tí aráyé ń bú wọn bí wọ́n ṣe wù kí wọ́n rìn. Láti ọdún yẹn, kò sí ìpàdé Yorùbá tó nílò àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dìbò, wọ́n mú aṣọ kan.

Ní Cologne, iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bí etí ìwé bá fi mìlímítà méjì yẹ̀, ẹni tó rí i á sọ fún ọ pé ó fi mìlímítà méjì yẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ ogún ọdún á sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀. Ó dùn mí ní oṣù àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo rí i pé ó ń sinmi èèyàn: o kì í sùn kí o máa rò ó pé kí ni lágbájá ní lọ́kàn. Mo fara mọ́ ọn fún iṣẹ́, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti lè sọ ohun gbogbo ní gbangba, orin kò rí iṣẹ́ ṣe.

Mo gbìyànjú. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí a ń kó ìwé sínú ọkọ̀, mo wá túmọ̀ ti Nyanya sí èdè Jámánì: òjò ń rọ̀, ṣeré nínú ilé. Bàbá tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́ pé a ò tí ì lè wọlé, ó di aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní ó dáa. Mo gbé káàtìnnì tó kàn.

Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni ojú mi ṣí. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n ń ṣí àsìkò Kánífà ní Cologne, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìlú yí padà. Bàbá tó ń sọ mìlímítà fún mi wọ aṣọ onílà pupa àti funfun wá síbi iṣẹ́, ó kọ orin ní Kölsch, ẹ̀ka-èdè ìlú náà, àwọn tó kù sì fi apá kọ́ apá, wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n mọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀. Orin kọjá orin, odindi ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo rò pé ibẹ̀ náà ló máa mọ. Àmọ́ ní oṣù Kìíní, ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, àjèjì bíi tèmi. Ní àkókò oúnjẹ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di kọ́ọ̀bù rẹ̀ mú, kò mọ ibi tó máa jókòó sí. Bàbá yìí fi ẹsẹ̀ ti àga kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Drink doch ene met." Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bi í lẹ́yìn náà. Ó ní orin ẹgbẹ́ Bläck Fööss ni, àwọn ọmọ Cologne, wọ́n gbé e jáde ní 1971. Ìtàn bàbá arúgbó kan ni, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí tí kò lówó lọ́wọ́, tí ẹnì kan wá pè é pé kó wá bá àwọn mu ọ̀kan. Kọ́fí ni wọ́n ń mu lórí tábìlì yẹn. Ohun tí ọ̀gá mi ní Utako máa ń ṣe náà ni mo rí, lójú méjèèjì. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé àwọn ọmọ-ọmọ òun kì í sọ Kölsch, pé inú orin nìkan ni wọ́n ti ń bá a pàdé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lára mi. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà ní Kubwa, ọmọ ọdún méje, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé, Hausa níbi eré. Ta ló máa kọ́ ọ lórin wa?

Láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kẹta, aago Cologne àti ti Àbújá kì í yàtọ̀ sí ara wọn. Ìgbà yẹn ni èmi àti Bọ̀dá Ọ̀fà máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp bá a ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Mo máa ń wà ní Neumarkt, mò ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Òun á wà ní Nyanya, mò ń gbọ́ hóònù lẹ́yìn rẹ̀. Mo hùn ún, ó parí ẹ̀. A kì í tiẹ̀ kí ara wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo pe àbúrò mi, a ń rí ojú ara wa. Ó ní kí ọmọ náà lọ fọ abọ́. Ọmọ náà dúró, ó fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó sọ gbólóhùn kan, Yorùbá ni, ó sọ ọ́ bí ẹni ń kọrin, ó sì dákẹ́ láàárín. Ìyá rẹ̀ parí ẹ̀ láti kíṣìnnì, ẹ̀rín pa wọ́n, bàbá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín níbi tí n kò ti lè rí i. Orin tuntun ni. N kò gbọ́ ọ rí. Mo ń bi wọ́n pé, "Kí ló dé? Kí ló wí?" Wọn ò rí bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún mi.

Mo ní kí ọmọ náà tún un sọ. Ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Ọ̀fà láti Neumarkt. Kò tí ì dáhùn.