Mọ́remí mẹ́ta nínú fáìlì kan

Sátidé, Ilé-Ifẹ̀. Alẹ́.

Ìpàdé àwa olólùfẹ́ Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, ní Lágere pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lónìí, orúkọ kan ṣoṣo ló sì fà á. Iṣẹ́ tí a gbé kalẹ̀ kò le: kí olúkúlùkù tẹ orúkọ mẹ́wàá látinú ìtàn Ifẹ̀ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, kí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ `Counter`, irinṣẹ́ ìkànǹkan inú Python, fi ka iye ìgbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹni mẹ́ta ló kọ Mọ́remí. Dípò kí `Counter` sọ pé Mọ́remí jẹ́ 3, Mọ́remí mẹ́ta ló tò sílẹ̀, ó kọ 1 síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, àbí Python ò gbọ́ Yorùbá ni?” Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ló béèrè.

Ìbéèrè gidi ni, a ò sì fi ẹnu lásán dá a lóhùn. A ní kó fi `len`, tó ń ka iye àmì inú ọ̀rọ̀, wọ̀n wọ́n: 7, 9, 7. Lẹ́tà 6 ni ojú ń rí. Lẹ́yìn náà ló fi `ascii`, tó ń fi nọ́ńbà àwọn lẹ́tà alámì hàn, wò wọ́n, ibẹ̀ ni àṣírí tú:

    'M\u1ecd\u0301rem\xed'
    'Mo\u0323\u0301remi\u0301'
    'M\xf3\u0323rem\xed'

Python kì í wo bí lẹ́tà ṣe rí. Nọ́ńbà tí Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún un ló ń wò. Unicode fún lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún lẹ́tà ó náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún lẹ́tà ọ́. Bí a bá fẹ́ fi àmì ohùn sórí ọ tàbí ẹ, àfi kí àmì kan, ó kéré tán, dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà. Kíbọọ̀dù àkọ́kọ́ tẹ ọ, ó wá gbé àmì òkè lé e. Èkejì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: o lásán, àmì ìdí, àmì òkè, ohun kan náà ló ṣe fún í tó kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta tẹ lẹ́tà ó kó tó fi àmì sí i nídìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé 7 ni àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fi `len` nìkan dájọ́ yóò ṣì í.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. NFC ni ọ̀nà Unicode tó ń kó lẹ́tà àti àmì rẹ̀ jọ sí ìrísí kan ṣoṣo:

    import unicodedata
    orúkọ = unicodedata.normalize("NFC", orúkọ)

Ẹnu ọ̀nà ni kí a ti ṣe é, gbàrà tí ọ̀rọ̀ bá ti inú fáìlì tàbí `input` wọlé. Bí a bá dúró di ìgbà tí a fẹ́ fi orúkọ kan wé èkejì, a ó gbàgbé ibì kan dandan.

Àrùn kan wà tí NFC kò lè wò. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ń lo ìlà kékeré tó dúró lóòró nídìí lẹ́tà dípò àmì tóótó. Lójú Unicode, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: `\u0329` ni ìlà, `\u0323` ni tóótó. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ fi `replace` sọ ìlà di tóótó, kí a tó wá pe `normalize`. Bí a bá ṣe é ní ìdàkejì, o àti tóótó kò ní di ọ̀kan, orúkọ náà yóò tún yàtọ̀.

Ẹlòmíràn gbé kóòdù kan wá tó ń gé gbogbo àmì dànù kí ìwákiri lè rọrùn. A dán an wò lórí “ọkọ”; “oko” ló jáde. Ọkọ ìyàwó di ibi tí a ń ro! Bí a bá fẹ́ kí ẹni tí kò tẹ àmì ohùn rí ohun tó ń wá, NFD, ìdàkejì NFC, ni ká fi tú ọ̀rọ̀, ká yọ àwọn àmì ohùn `\u0300`, `\u0301` àti `\u0304` nìkan, ká fi `\u0323` sílẹ̀, ká tún fi NFC kó o jọ. Ìwákiri nìkan ni ká sì lò ó fún. Ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kọ gan-an ni ká tọ́jú, torí láìsí àmì ohùn, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ mọ́.

Ohun kan múnú wa dùn. `orúkọ` tí a kọ sókè yẹn gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun inú kóòdù tọ̀nà nínú Python 3, àmì orí àti ìdí kò dí i lọ́wọ́. Python fúnra rẹ̀ máa ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan ní ọ̀nà NFKC, ìbátan NFC, kíbọọ̀dù yòówù tí a lò. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì ìfàyọ ni kì í fọwọ́ kàn.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ lálẹ́ yìí ni pé ẹni tó ń dá kọ́ Python nínú yàrá rẹ̀ lè má rí àṣìṣe yìí fún ọdún mélòó kan. Kíbọọ̀dù kan ló ń lò, gbogbo Mọ́remí rẹ̀ ló jọra. Ìgbà tí ẹ̀rọ mẹ́ta pàdé ló hàn. Nítorí náà, kò yẹ ká tún máa kó ara wa jọ sídìí kọ̀ǹpútà ẹnì kan mọ́, bí iná tilẹ̀ lọ. Kí kálukú mú tirẹ̀ wá, ìbáà ṣe fóònù tó ní Pydroid 3, áàpù tí a fi ń kọ Python lórí Android.

Kọ̀ǹpútà Windows náà sọ tirẹ̀. Ẹni tó ṣí fáìlì tirẹ̀, tí kò ní lẹ́tà ọ nínú, láìkọ `encoding="utf-8"` (ọ̀nà tí a gbà tọ́jú lẹ́tà inú fáìlì) rí “áº¹” níbi tí ẹ yẹ kó wà. Ẹlòmíràn tó ṣí fáìlì àpapọ̀ wa, tó ní lẹ́tà ọ, kò tilẹ̀ rí nǹkan kan, `UnicodeDecodeError` dá a dúró lórí 0x8d. Ìdí kan náà ni: cp1252, ọ̀nà àtijọ́ kan tí kò mọ lẹ́tà Yorùbá, ni Windows fi ń kà wọ́n: báìtì mẹ́ta tó wà nínú lẹ́tà ẹ ní ìtumọ̀ níbẹ̀, ìtumọ̀ òdì, báìtì tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà ọ kò ní rárá. Inú `open`, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì, ni kí a ti kọ `encoding` yẹn, nígbà kíkà àti nígbà kíkọ.

Pípín fáìlì náà kò ná wa ní dátà kankan. Fóònù kan tan hotspot, ó pa dátà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wọ inú fódà ìpàdé, ó ní `python -m http.server 8000`, èyí tó jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ mìíràn lè ka fódà náà, àwọn yòókù fi àdírẹ́sì tí `ipconfig` gbé jáde ṣí i. Bí ojú ewé kò bá ṣí, firewall Windows, ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ẹ̀rọ mìíràn lọ́nà, ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ká sì rí i dájú pé inú fódà yẹn la wà, torí gbogbo ohun tó bá wà níbi tí a ti pàṣẹ náà ni gbogbo ẹni tó wà lórí hotspot náà máa rí.

Ti Sátidé tó ń bọ̀: `sorted`, àṣẹ tó ń to nǹkan tẹ̀léra, to àwọn ìlú wa báyìí, Iléṣà, Ìwó, Òṣogbo, Ẹdẹ. Ẹdẹ ló gbẹ̀yìn, torí nọ́ńbà Ẹ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Ó tún fi gbẹ̀du ṣáájú gèlè, nígbà tó jẹ́ pé gb ń tẹ̀lé g nínú lẹ́tà 25 wa. Kí kálukú kọ `key` tirẹ̀, ìlànà tí `sorted` yóò fi tò ó, wá. Ẹ yẹ lẹ́tà méjì wò pọ̀ kí ẹ tó wo ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní bá gb pàdé.