Próbéṣọ̀n ò ní kí líìfù yín má ka

Ọjọ́ méjì péré ni mo bèèrè nínú líìfù mi, ìyẹn ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n ń sanwó fún. Oṣù kẹta tí mo wọṣẹ́ nìyẹn, mo ṣì wà lórí próbéṣọ̀n, ìyẹn àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màámi, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ọjọ́ méjì nínú líìfù mi." Wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, wọ́n ní "Líìfù wo? Orí próbéṣọ̀n lo ṣì wà, o ò tíì ní líìfù kankan." Mo ní ẹ ṣé sà, mo jáde. Mo ṣáà lọ, mo gbà kí wọ́n yọ owó ọjọ́ méjì nínú owó oṣù mi, wọ́n sì yọ ọ́ lóòótọ́.

Alẹ́ ọjọ́ tí owó oṣù yẹn wọlé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fa lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi yọ nínú ẹnfílóòpù, lẹ́tà tí mo ti fọwọ́ sí láìkà á tán torí inú mi ń dùn pé mo ríṣẹ́. Ojú ewé kẹta ló wà, gbangba báyìí, pé líìfù òṣìṣẹ́ á máa wọlé lóṣooṣù látọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn ò dárúkọ próbéṣọ̀n níbẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Nǹkan méjì la máa ń kó pọ̀. Kí ọjọ́ líìfù máa wọlé fún èèyàn lọ́tọ̀, kí àyè wà láti lò ó lọ́tọ̀. Ní Jámánì, ó dìgbà téèyàn bá lo oṣù 6 kó tó ní ẹ̀tọ́ sí líìfù ọdún náà lódindi, àmọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá pé ló ń fún un ní ìdá kan nínú ìdá 12, kódà tó bá kúrò kí oṣù 6 náà tó pé. Oṣù 6 yìí kan náà ni próbéṣọ̀n wọn ò gbọ́dọ̀ jù, ẹ ò wá rí i pé ó rọrùn káwọn èèyàn máa rò pé próbéṣọ̀n ló dí líìfù lọ́nà. Ní Japan náà, lẹ́yìn oṣù 6 ni ọjọ́ 10 máa ń wọlé fẹ́ni tó ń wá síṣẹ́ déédéé, ọjọ́ téèyàn sì wọṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọnfáàmù rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ pátápátá lẹ́yìn próbéṣọ̀n. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ò fi dandan lé líìfù olówó rárá, ohun tí ìwé àdéhùn bá sọ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Britain. Nígbà kan, òfin wọn ní kéèyàn kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ 13 lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan kó tó ní ẹ̀tọ́ sí líìfù. Àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́ wá wà, iṣẹ́ ráńpẹ́ ráńpẹ́ ni tiwọn, wọ́n á ṣe díẹ̀ níbí, wọ́n á ṣe díẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ 13 ò ní pé láéláé, wọ́n á sì fi ọdún gbáko ṣiṣẹ́ láìní líìfù ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, BECTU, gbé e lọ kóòtù, lọ́dún 2001 ilé ẹjọ́ Yúróòpù sọ pé ìyẹn ò bófin mu. Látìgbà yẹn, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni líìfù ti ń ka níbẹ̀.

Èmi náà ya fọ́tò ojú ewé kẹta yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Owó ọjọ́ méjì mi padà wọlé lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì fọwọ́ sí tiyín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ líìfù sí ná. Tí wọn ò bá sì wá kọnfáàmù yín, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ bèèrè owó ọjọ́ líìfù tẹ́ ẹ ò tíì lò. Òfin Nàìjíríà pàápàá, tó jẹ́ pé oṣù 12 ló ní kí òṣìṣẹ́ tó kàn lò kó tó gba ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, ṣì ní kí wọ́n san iye tó bá ìgbà tó fi ṣiṣẹ́ mu fẹ́ni tó kúrò lẹ́yìn oṣù 6. Ẹ bèèrè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìkẹyìn tí wọ́n bá gbé síwájú yín.