Ẹnu ayékòótọ́

12 oṣù Kejìlá, alẹ́

"Èmi náà mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ló sì ti há sí mi láyà. Doña, ìyá ará Mẹ́síkò tá a jọ ń ṣiṣẹ́, kò pariwo, kò fajú ro. Ó gbé ìkòkò òdòdó mìíràn, ó fi épúrọ́ọ̀nù nu omi ìdí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú ìkòkò ọbẹ̀.

Iṣẹ́ òní: yàrá mẹ́sàn-án, ẹni méjì kọ oúnjẹ, bàbá yàrá 14 tún béèrè bóyá òjò ti dá. Òjò kankan kò rọ̀. Ó tán.

Ti òdòdó yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mọ́tò já ìkòkò 24 sílẹ̀ fún wa. Gbogbo wọn pupa fòò, wọ́n fi bébà tó ń dán we ìdí wọn, wọ́n sì ki káàdì bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Poinsettia. Ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń gbìyànjú láti kà á, ẹnu rẹ̀ kò gbà á, ni Doña bá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Nochebuena ni. Ó ti lórúkọ kí ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é yẹn tó dé Mẹ́síkò."

Ọ̀rọ̀ tó dáa. Kò kàn mí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń tẹ fóònù nígbà ìsinmi, mo lanu: "Doña, ṣebí àwọn Sípéènì ló gbé nochebuena náà dé. Cuetlaxochitl ló ń jẹ́ kí àwọn náà tó dé."

"Èmi náà mọ̀. Ìyá ìyá mi kò gbọ́ Sípáníìṣì."

Ẹ gbọ́, mi ò parọ́ o. Nahuatl ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Sípéènì tó gúnlẹ̀, xochitl tó wà nídìí orúkọ yẹn, òdòdó ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún kà ni mo fi ń kọ́ ọmọ Taxco. Taxco, ìlú kan ní Mẹ́síkò níbi tí wọ́n ní àwọn àlùfáà Franciscan ti ń fi òdòdó yẹn ṣe ọ̀ṣọ́ ọdún ìbí Jésù láti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún! Àfi bí ẹni tó ti òkè òkun wá júwe ọjà Dùgbẹ̀ fún màmá mi.

Ká tiẹ̀ gbé ti ọkùnrin yẹn wò. Joel Roberts Poinsett, aṣojú àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Mẹ́síkò, 1825. Ní 1828 ó fi igi náà ránṣẹ́ sílé, sí South Carolina, orúkọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò nígbà yẹn? Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1851, ló kú, ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi sọ òní di ọjọ́ òdòdó náà. Òní yìí kan náà ni Mẹ́síkò ń ṣe ọjọ́ Màríà Guadalupe. Doña ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìdájí kó tó wá síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀kán àbẹ́là ti gbẹ mọ́ apá súwẹ́tà rẹ̀. Mo rí àbẹ́là yẹn. Mo ti rí i kí n tó sọ̀rọ̀.

Òdòdó ló sì wà nínú ìtàn Guadalupe fúnra rẹ̀: 1531, òkè Tepeyac, nínú òtútù oṣù Kejìlá, Juan Diego já òdòdó róòsì sínú aṣọ ìbora rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti hù rárá. Cuauhtlatoatzin ni wọ́n ní òun náà ń jẹ́ kí wọ́n tó ṣèrìbọmi fún un. Mo mọ ìyẹn náà. Mo dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́.

Kí ni mo tilẹ̀ ń torí orúkọ bínú sí? Káàdì àyà mi, Kemi ló wà níbẹ̀, kò lámì lórí, Kimmy ni wọ́n sì ń kà á sí. Mo ń jẹ́ ẹ. Kódà mo máa ń jẹ́ ẹ kí wọ́n tó pè é tán. Doña nìkan ló bi mí léèrè èyí tó gùn, tó jókòó tì mí ní yàrá oúnjẹ tó ń kà á bí ẹni ń ka owó: Fọ-lá-kẹ́-mi. Ó ṣì í, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo lọ ń ṣe tíṣà orúkọ fún nìyẹn.

Èyí tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé igi yẹn wà nílé wa n'Íbàdàn. Ẹ̀gbẹ́ kànga ló wà, ó ga ju ògiri lọ. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ló ń pọ́n. A máa ń já ewé rẹ̀ ṣe owó, oje funfun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, màmá mi á ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹn kan ojú. Kí là ń pè é? Òdòdó pupa. Òdòdó kọ́ lèyí tó pupa ọ̀hún pàápàá, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni àwọn wóro yẹ́lò kéékèèké tó wà láàárín, táwọn èèyàn kì í yà wò. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi bá igi yẹn gbé, mi ò bi ẹnì kankan rí pé kí lorúkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán, ará Kúbà tó wà ní kíṣìnì gba ibẹ̀ kọjá, ó ní flor de Pascua ni. Pascua kẹ̀? Ìrékọjá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ nílé wọn, wọ́n lè fi Pascuas kíni nígbà Kérésìmesì náà. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ Kérésìmesì sí ọjọ́ ìsinmi ní kékeré. Ní 1969 ni ìjọba ibẹ̀ yọ ọ́ kúrò, 1997 ni wọ́n tó dá a padà, nígbà tí Póòpù fẹ́ wá. Ó ní ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yọ ọjọ́ 17 kúrò, ọjọ́ San Lázaro, tí àwọn èèyàn ń rìn lọ sí El Rincón, tí àwọn mìíràn ń forúnkún wọ́ débẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń fún mi lẹ́bùn, ó ní, "Babalú Ayé."

Mo gbọ́ bó ṣe pè é. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Mo dákẹ́, mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Èmi ọmọ ìjọ, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i!

Báwo ni mo ṣe lè dákẹ́ fún un, tí mi ò lè dákẹ́ fún Doña? Bóyá torí pé inú mi dùn sí tirẹ̀. Bóyá torí pé tèmi ni, mi ò nílò láti... Mi ò mọ̀. Ó rọrùn láti fi ohun tí kì í ṣe tẹni ṣe yànga.

Nínú bọ́ọ̀sì mo tún ń wá orúkọ kiri, bí ẹni pé mi ò gbọ́n. Ní Argentina, estrella federal, ìràwọ̀ ni tiwọn. Àwọn ará Brazil, tí kì í tilẹ̀ í ṣe Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ, ní bico-de-papagaio: ẹnu ayékòótọ́. Èyí nìkan ló mú mi rẹ́rìn-ín sókè, obìnrin tó jókòó tì mí yíjú. Ayékòótọ́, ẹyẹ tó ń sọ òótọ́ tẹ́nìkan ò bi í. Kí wọ́n kúkú kọ ìyẹn sí káàdì àyà mi.

Lọ́jọ́ 16 ni posada àwọn Doña máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí tèṣí, tí mo gbé ìrẹsì lọ tí ata rẹ̀ lé àwọn ọmọ sídìí ẹ̀rọ omi. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni, títí di 24, alẹ́ Nochebuena gan-an, tí í ṣe alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kọrin tọrọ ibùsùn bíi Jósẹ́fù àti Màríà, àwọn tó wà nínú ilé á kọrin padà pé kò sí àyè. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Nígbà tá a bá ń múra àtilọ sílé ló máa ń ṣẹ́jú sí mi pé "ṣé wàá wá?" Lónìí kò ṣẹ́jú. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ ni, kò kúkú sùn. Ó lè jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ń ro gbogbo èyí, tí òun ti gbàgbé kó tó gbé ìkòkò kẹta.

Ìkòkò tó fún mi lọ́dún tó kọjá ṣì wà lójú fèrèsé kíṣìnì, ewé rẹ̀ ń dán, kò sì sí pupa kankan lára rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní tó bá ti di oṣù Kẹwàá, òkùnkùn ni igi yẹn ń fẹ́, bíi wákàtí 14 lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí iná kankan má kàn án, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní pọ́n. Ó ní kí n máa fi páálí bò ó. Mo ní mo ti gbọ́. Ààjìn ni mo sì ń ti ibi iṣẹ́ dé títí oṣù tó kọjá, màá tan iná, màá gbé ọbẹ̀ kaná, màá jókòó síwájú rẹ̀ máa tẹ fóònù.

Noche, alẹ́. Buena, tó dáa. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láti tèṣí.

Mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ yìí, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo kàn béèrè pé ṣé kí n dín ata ìrẹsì kù lọ́tẹ̀ yìí. Kò tíì dáhùn.

Mo ti pa iná kíṣìnì. Ó ti pẹ́ jù fún tọdún yìí, mo mọ̀.